Ìlà dúdú nínú ẹrẹ̀ fàdámà wa ní Kuje: iná oko lásán ni, àbí ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀?

Káyọ̀dé_Kuje · Ọjọ́ Ajé, 7:42 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yìn Kuje, lágbègbè Abuja, ni iṣẹ́ gbé wa dé báyìí. Ọ̀gá mi ra ilẹ̀ kan nínú fàdámà, ohun tí àwa ń pè ní àkùrọ̀, a sì ń gbẹ́ kòtò ńlá síbẹ̀ fún omi. Nígbà tí kòtò náà jìn ju gíga mi lọ, mo rí ohun kan lára ògiri rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta.

Ilẹ̀ náà pín ní ìlà-ìlà. Ilẹ̀ pupa ló wà lókè, amọ̀ aláwọ̀ eérú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìlà dúdú kan tí kò nípọn ju ìka méjì lọ. Amọ̀ eérú tún wà lábẹ́ ìyẹn, ìlà dúdú kejì sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo fi ìka fọ́ díẹ̀ níbẹ̀: èédú ni, ó kun mi lọ́wọ́ bí èédú ìdáná. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ní iná oko ni. Bàbá Gbagyi kan tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní àwọn baba ńlá òun kò kọ́lé síbẹ̀ rí, pé ibi omi ni ó ti wà.

Ìbéèrè mi ni pé, nígbà tí kò sí ìkòkò, kò sí egungun, kò sí nǹkan kan tí ojú lè rí, ṣé ọ̀nà wà tí a fi lè mọ̀ bóyá ènìyàn ló dá iná yẹn? Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ da kọnkéré sí i.

Sàlákọ́_Kaduna · Ọjọ́ Ajé, 8:05 alẹ́

Àbúrò mi, mi ò fẹ́ já ọ kulẹ̀, àmọ́ mo ti lo ọdún 26 ní Kaduna, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn kan tí igbó ò jó. Ọdẹ ń sun ún, darandaran ń sun ún kí koríko tútù lè yọ, mànàmáná gan-an ń dáná sí i nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀. Bí gbogbo èédú bá jẹ́ àmì ibùgbé, a jẹ́ pé gbogbo àríwá yìí ti jẹ́ ìlú ńlá kan ṣoṣo rí. Kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ rí lára èédú tó máa sọ irú ẹni tó dáná?

Àjọkẹ́_Samaru · Ọjọ́ Ajé, 9:36 alẹ́

Káyọ̀dé, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè kí kọnkéré tó dé. Wíwo ohun tó fara pamọ́ sínú ẹrẹ̀ àtijọ́ ni iṣẹ́ tí mo kọ́ ní Ìbàdàn, òun náà ni mo ń ṣe ní Samaru, ní Zaria, títí di òní. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn.

Ẹ rántí bí ìyá wa ṣe máa ń sẹ́ ògì. Bó bá sẹ́ ẹ tán, á gbé e kalẹ̀ mọ́jú. Ògì á fìdí kalẹ̀, omidùn á wà lókè. Bó bá sẹ́ òmíràn lé e lọ́jọ́ kejì láìbu ti àná, ìpele tuntun á jókòó lórí ti àná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni adágún, àbàtà àti àkùrọ̀ ṣe ń tọ́jú nǹkan. Ohun tí afẹ́fẹ́ gbé wá àti ohun tí àgbàrá wọ́ wá ń rọra jókòó sísàlẹ̀, tọdún yìí lé tèṣí. Nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni àwọn ohun tín-tìn-tín wà tí ojú lásán kò lè rí: pólẹ́ẹ̀nì, ìyẹn ìyẹ̀fun tó ń bọ́ lára òdòdó, ẹ̀rún èédú, ìkarawun àwọn ẹ̀dá inú omi tí à ń pè ní diatom, hóró olú, àti phytolith, tí mo máa padà sí.

Pólẹ́ẹ̀nì ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, hóró kan kì í sábà ju 10 sí 100 nínú rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ èèpo rẹ̀ le débi pé ásíìdì tó ń jẹ yanrìn tán kò rí i jẹ. Irú igi kọ̀ọ̀kan ní èèpo tirẹ̀: ọ̀kan ní ihò mẹ́ta, òmíràn ní ẹ̀gún kiri ara, òmíràn sì rí bí àwọ̀n. Lennart von Post, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló kọ́kọ́ fi kíkà wọn ní ìpele-ìpele han gbogbo ayé, ní 1916. Láti ìgbà náà ni a ti lè sọ pé ní ìpele yìí igbó ni, ní ìpele tó tẹ̀ lé e wọ́n ti ṣán an.

Ẹ̀gbọ́n Sàlákọ́ sọ òótọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń gbàgbé. Ní adágún Tilla, lórí òkè Biu ní Borno, Ulrich Salzmann ka ẹrẹ̀ tó ti ń kóra jọ láti nǹkan bí ọdún 10,000 sẹ́yìn, ó sì gbé iṣẹ́ náà jáde ní 2000. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò tẹ́lẹ̀ ni pé igbó kìjikìji ló bo ibẹ̀ rí, pé àgbẹ̀ ló sun ún di ọ̀dàn. Ẹrẹ̀ Tilla kò jẹ́rìí sí i. Ọ̀dàn ló ti wà níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, iná sì ti ń jó o léraléra. Èédú nìkan kò tó ẹ̀rí.

Àmọ́ èédú náà ní ìrísí. Èédú koríko máa ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Ti igi máa ń ki pọ́pọ́, bíi bíríkì kékeré. Iná ọ̀dàn, koríko ló ń jó jù. Ààrò àti iná ìléru, igi ni. Nítorí náà ohun tí mo máa kọ́kọ́ wò lára ìlà dúdú yín ni pé, ṣé abẹ́rẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀ ni, àbí bíríkì? Lẹ́yìn náà ni màá wá wo ohun tó bá a rìn: ṣé pólẹ́ẹ̀nì igi dín kù ní ìpele kan náà? Ṣé hóró Sporormiella, olú wẹ́wẹ́ tó jẹ́ orí ìgbẹ́ ẹran ajewéko ló ń gbé, pọ̀ sí i? Ẹlẹ́rìí kan lè ṣì wí. Bí mẹ́ta bá ti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, tí ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu, nígbà yẹn ni mo máa ń gbà.

Dèjì_Jos · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Àǹtí Àjọkẹ́, ẹ kú àlàyé. Ìdí tí mi ò fi rí oorun sùn nìyí: Taruga, níbi tí wọ́n ti rí àwọn ìléru irin àtijọ́, kò jìnnà sí Abuja, gúúsù-ìlà-oòrùn ibẹ̀ ni. Bernard Fagg ló hú ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ó sì rí ìléru 13. Àwọn ará Nok ló ni wọ́n, àwọn tó mọ ère amọ̀ tí àwọn awakùsà kọ́kọ́ rí ní abúlé Nok ní 1928. Èédú dúdú létí omi ní Kuje kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ìbéèrè tèmi: kí ló dé tí a ò kàn wá pólẹ́ẹ̀nì jéró tàbí ọkà bàbà? Bí jéró bá wà níbẹ̀, àgbẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àjọkẹ́_Samaru · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:31 àárọ̀

Ì bá rọrùn bẹ́ẹ̀! Koríko ni jéró, koríko ni ọkà bàbà, pólẹ́ẹ̀nì wọn sì jọ ti koríko igbó tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà yà wọ́n sọ́tọ̀. Àgbàdo nìkan ló yàtọ̀. Ó tóbi, a kì í ṣì í mọ̀. Àmọ́ láti Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn 1492. Bí a bá rí i nínú ìlà kan tí nǹkan kò tíì dàrú, a ti mọ̀ pé ìlà yẹn kò pé ọdún 550. Pákí náà láti ibẹ̀ ló ti wá, pólẹ́ẹ̀nì rẹ̀ sì tóbi púpọ̀, àmọ́ kòkòrò ló ń gbé e, kì í fò jìnnà, nítorí náà ó ṣọ̀wọ́n nínú ẹrẹ̀.

Ibí ni phytolith ti wúlò. Ẹ ti fọwọ́ fa ewé eéran rí, tó là yín lọ́wọ́ bí abẹ? Koríko ń fa ohun tí a fi ń ṣe gíláàsì láti inú ilẹ̀, á sì tò ó sínú ara rẹ̀ wẹ́wẹ́. Bí ewé bá jẹrà, bí iná bá jó o, gíláàsì wẹ́wẹ́ yẹn á ṣẹ́kù, pẹ̀lú ìrísí ibi tó ti wà nínú ewé. Èyí tó wá láti ara èèpo ìrẹsì ní ìrísí tirẹ̀, tó ní ṣóńṣó méjì. Òun náà ló máa ń dúró níbi tí pólẹ́ẹ̀nì ti ṣègbé.

Káyọ̀dé, ẹ tún àwọ̀ ilẹ̀ yín wò. Ilẹ̀ pupa tó wà lókè, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀, ó ń rẹ, ó ń gbẹ. Pólẹ́ẹ̀nì ibẹ̀ á ti bàjẹ́. Amọ̀ eérú ni kí ẹ mú lójú. Àwọ̀ eérú yẹn ń sọ pé omi bò ó, afẹ́fẹ́ kò ráyè. Bí nǹkan bá wà, ibẹ̀ ló wà.

BàbáÌlọrin_Minna · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Minna, àmọ́ alágbẹ̀dẹ ni baba tó bí mi, nínú èédú ni mo ti ń sáré kiri ní kékeré. Dèjì dárúkọ irin, ara mi ò gbà kí n dákẹ́.

Ibi tí wọ́n bá ti yọ́ irin, ìdàrọ́ máa wà níbẹ̀. Kì í jẹrà, ó le bí òkúta, ihò sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ń lu irin nìkan, tí wọ́n ń rọ ọkọ́ àti àdá, ìdàrọ́ lè má sí. Ohun tó máa ń wà níbẹ̀ ni ìpẹ́ irin. Bí baba mi bá fa irin pupa jáde nínú iná, tó lù ú, ìpẹ́ wẹ́wẹ́ máa ń ta sílẹ̀ yí owú ká. Bàtà wa kún fún un. Mo rántí pé a máa ń fi òòfà fà á jọ ṣeré. Ṣé ẹ̀yin onímọ̀ náà ń wá ìyẹn?

Àjọkẹ́_Samaru · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:58 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. À ń wá a, sà! Ohun tí ẹ fi ṣeré lọ́mọdé gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí tó dára jù tí àgbẹ̀dẹ ń fi sílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbá a dànù tán. Ó kéré jù fún ìgbálẹ̀.

Káyọ̀dé, ẹ lè dán èyí wò lórí ilẹ̀ yín láìsí ilé ìṣàyẹ̀wò. Ẹ wá sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, ẹ yọ òòfà inú rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá nálọ́ọ̀nù wé e. Ẹ bu ìkúnwọ́ kan lára ìlà dúdú, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fọ́ ọ kúnná, kí ẹ wá ra òòfà náà lórí rẹ̀. Ẹ fa ọ̀rá náà kúrò lára òòfà, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn á bọ́ sílẹ̀ sórí bébà funfun. Ẹ má tíì yọ̀ o: yanrìn dúdú tí òòfà ń fà pọ̀ ní ilẹ̀ wa, òkúta pupa náà ní irin nínú. Èyí tí à ń wá máa ń pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, tàbí kó rí roboto bí orí abẹ́rẹ́ onírin. Ẹ tún bu ìkúnwọ́ kan lára amọ̀ eérú tí kò ní èédú, ẹ ṣe é bákan náà. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, ti ilẹ̀ ni.

Fọlákẹ́_Wuse · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, oyin ni mo ń tà ní ọjà Wuse, mi ò kàwé lórí ilẹ̀. Oníbàárà kan sọ fún mi pé wọ́n lè wo oyin kí wọ́n sì mọ irú òdòdó tí kòkòrò náà jẹ. Ṣé pólẹ́ẹ̀nì yìí náà nìyẹn? Báwo sì ni ẹ ṣe ń yọ ọ́ kúrò nínú ẹrẹ̀?

Àjọkẹ́_Samaru · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:10 alẹ́

Òun náà ni, àǹtí mi. Oyin tó wá láti inú igbó ń gbé pólẹ́ẹ̀nì òdòdó ibẹ̀ nínú. Ṣúgà tí wọ́n sè kò ní in.

Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yín ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Ní 2021, àwọn onímọ̀ láti Bristol àti Frankfurt gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àpáàdì àwọn ará Nok, tó lé ní 450. Wọ́n yọ ọ̀rá tó ti wọnú amọ̀ ìkòkò náà. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta wọn ló ní ìda oyin, ti nǹkan bí ọdún 3,500 sẹ́yìn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ní ásíìdì, egungun kì í pẹ́ nínú rẹ̀, nítorí náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí egungun ẹran tó lè sọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ohun tí ojú ò rí ló sọ ọ́.

Ní ti yíyọ pólẹ́ẹ̀nì, a kì í ṣe é nílé o. A kọ́kọ́ pín ẹrẹ̀ náà sí méjì, nítorí ásíìdì tó ń jẹ yanrìn, tó ń jẹ́ kí pólẹ́ẹ̀nì yọ, á jẹ phytolith àti diatom run pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá pín in ti pa ìdajì ẹ̀rí rẹ̀. Lẹ́yìn náà a máa ń ju hóró ewéko kan tí à ń pè ní Lycopodium, tí a ti mọ iye rẹ̀, sínú ẹrẹ̀. Ó dà bí ẹni tó da ẹja tó ti fi àmì sí sínú odò kó tó ju àwọ̀n: iye ẹja alámì tó bá bọ́ sí àwọ̀n ló máa fi mọ iye tó wà nínú odò. Lẹ́yìn náà a ó jókòó ti máíkírósíkóòpù, a ó máa kà. Mo máa ń ka 300 ó kéré tán nínú ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn a máa dun ni.

Sàlákọ́_Kaduna · Ọjọ́rú, 7:20 àárọ̀

Mo ti gbọ́, àbúrò mi obìnrin, mo sì ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láyè kan sí i. Ká ní igi dín kù, koríko pọ̀. Òjò tó dá lè fa ìyẹn náà. Adágún Chad alára ti gbòòrò débi tí a ò lè rò, ó sì fà sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ìlú ńlá síbẹ̀.

Àjọkẹ́_Samaru · Ọjọ́rú, 8:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, àríyànjiyàn yẹn ti mú àwọn àgbà iṣẹ́ wa lọ́nà méjì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n M. Adebisi Sowunmi ti Ìbàdàn, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wa ní Nàìjíríà, rí i nínú ẹrẹ̀ ẹnu odò Ọya ní Niger Delta pé pólẹ́ẹ̀nì ọ̀pẹ ṣàdédé pọ̀ ní nǹkan bí ọdún 2,800 sẹ́yìn. Ó ní àgbẹ̀ ló ṣán igbó, tó sì dá ọ̀pẹ sí. Àwọn mìíràn dáhùn pé òjò ló dín kù nígbà yẹn, igbó là sílẹ̀, ọ̀pẹ tó fẹ́ràn oòrùn sì gba àyè. Tèmi ni pé méjèèjì lè ṣẹlẹ̀ pọ̀. Níhìn-ín, àwọn igi tí mo máa ń wò ni igi èmi, tí a ń rí òrí lára rẹ̀, àti igi igbá, tí a ń rí irú lára rẹ̀, nítorí àgbẹ̀ kì í gé wọn. Bí igi yòókù bá ń lọ tí àwọn wọ̀nyẹn ń pọ̀, ó ṣòro kí òjò nìkan yan igi bí àgbẹ̀ ṣe ń yàn án.

Chad tí ẹ dárúkọ ṣì ń wọlé tọ̀ wá lọ́dọọdún. Adágún àtijọ́ yẹn tó nǹkan bí 350,000 kìlómítà onígun mẹ́rin kó tó gbẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní Bodélé kún fún ìkarawun diatom, ọyẹ́ sì ń gbá wọn wá. Eruku tí ẹ nù lórí mọ́tò ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, àwọn tó gbé inú omi rí wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi ní rí diatom kan nínú ẹrẹ̀ Kuje kí n sọ pé adágún wà níbẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ wo irú èyí tó jẹ́ àti bó ṣe pọ̀ tó.

Káyọ̀dé_Kuje · Ọjọ́rú, 1:33 ọ̀sán

Àǹtí, ó kù ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa mú un?

Àjọkẹ́_Samaru · Ọjọ́rú, 2:05 ọ̀sán

Ẹ wọ kòtò náà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá nítòsí. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ há ojú ògiri náà láti ọ̀tún sí òsì. Ẹ má há a láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ilẹ̀ òkè má baà kun tìsàlẹ̀. Ẹ na téèpù sí i, kí ẹ ya fọ́tò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ lókè, nítorí ohun tó bá já bọ́ kò gbọdọ̀ bà lé ibi tí ẹ kò tíì mú. Ẹ gé ègé tó tó bíríkì kékeré, ẹ nu ọ̀bẹ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fóìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wé e, kí ẹ tó fi nálọ́ọ̀nù. Ẹ kọ bó ṣe jìn tó sí ara rẹ̀, kí ẹ kọ ọfà tó ń fi òkè hàn. Níbi tí ẹ bá ti rí ihò ikán, alákàn tàbí gbòǹgbò, ẹ fo ibẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn máa ń gbé ilẹ̀ tuntun lọ sísàlẹ̀. Ẹ tún bu ẹrẹ̀ òní díẹ̀ létí omi, kí n lè mọ bí ti ìsinsìnyí ṣe rí. Inú kúlà ni kó wà, kó má baà hu èbu.

Èédú inú rẹ̀ la máa fi wá ọjọ́ orí rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù 14 máa ń dín kù sí ìdajì ní gbogbo ọdún 5,730. Èédú tí kò tó hóró ìrẹsì ti tó.

Dèjì_Jos · Ọjọ́rú, 2:40 ọ̀sán

Kí n fi kan kún un: bí ọ̀bẹ bá kan àpáàdì tàbí ère, ẹ dúró níbẹ̀. Òfin ti wà lórí rẹ̀ láti 1979. Àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló yẹ kó gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e.

Káyọ̀dé_Kuje · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:47 alẹ́

Mo ti mú un. Ègé 11, láti ìsàlẹ̀ dé ilẹ̀ pupa. Omi ti ń sun nísàlẹ̀ kòtò nígbà tí mo dé, mo dúró nínú rẹ̀ dé orókún, ìlà dúdú kejì sì kù díẹ̀ kí omi bò ó. Ọmọ Bàbá Gbagyi yẹn ló di téèpù mú fún mi. Ọ̀gá mi kọ́kọ́ bínú, àmọ́ nígbà tí mo fi fọ́tò hàn án, ó ní kí kọnkéré dúró di Ọjọ́bọ̀.

Bàbáa Minna, mo ra òòfà lórí ìlà dúdú òkè: yanrìn dúdú lásán. Mo rà á lórí tìsàlẹ̀. Nǹkan bíi mẹ́fà tàbí méje lẹ̀ mọ́ ọn tó pẹlẹbẹ, tó ń dán díẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìpẹ́ ẹja lọ. Amọ̀ eérú ò ní irú rẹ̀ rárá. Mo ti wé wọn sínú fóìlì lọ́tọ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń wé e.

BàbáÌlọrin_Minna · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:59 alẹ́

Ọmọ mi, ṣé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dúdú ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ? Wò ó fún mi lábẹ́ iná.

Àjọkẹ́_Samaru · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:04 alẹ́

Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ wá.

Sàlákọ́_Kaduna · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:11 alẹ́

Àbúrò, wọ ọkọ̀ ojú irin ní Kubwa lọ́jọ́ Ajé. Mo máa dúró dè ọ́ ní Rigasa, èmi fúnra mi ni màá gbé ọ dé Samaru. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Àjọkẹ́_Samaru · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:15 alẹ́

Ẹ pè mí tí ẹ bá dé Kwangila. Màá ti tan iná sílẹ̀.